Àpọ́sítélì Tó Ń Sùn ní Yàrá Bàámi

Màámi, kí n tó kí yín, ẹ jẹ́ kí n san ìdáhùn tí mo jẹ yín láti oṣù tó kọjá. Rárá ni. N kò ní buwọ́ lùwé kí wọ́n ta ilẹ̀ wa ní Ayépé, kí owó rẹ̀ lọ bá àpọ́sítélì yín.

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìfaradà orúnkún. Mo kí Délé àbúrò mi náà, bí inú mi kò tiẹ̀ dùn sí i. Òjò Àbíjàn kò jẹ́ ká tajà. Èmi àti abọ́ oníke tí mo ń tà la jọ ń wo ara wa láti àárọ̀. Ìyẹn ni mo fi ráyè ka ìwé tí ẹ fi rán ìyá onígàrí sí mi, ìwé àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ tí àpọ́sítélì yín ní òun fẹ́ sọ ìgbé ayé wọn jí. Púráímárì ni mo kà, ṣùgbọ́n mo kà á tán.

Ìwé náà dára, Màámi. Omi bọ́ lójú mi níbi tí olówó àti opó ti ń jẹun pọ̀. Àpọ́sítélì tó gbé e wá fún yín ló ń rí mi lára. Délé ní ẹ̀yin opó lẹ ń se àsè ìfẹ́, ẹran rẹ̀ sì ń wọ yàrá Bàámi lọ nínú abọ́ onídèérí, níbi tí ọkùnrin náà ti ń sùn láti oṣù mẹ́ta. Ọkùnrin náà ní kò sí oyè láàárín àwọn ará ìgbà yẹn, ló fi ń pè yín ní Rẹ̀bẹ́kà lásán, ọmọ tí mo lè bí! Òun wá ni Baba Àpọ́sítélì. Ìríra gbáà!

Mo bi Délé bóyá òun náà ti ta mọ́tò tirẹ̀ fún ìjọ náà. Ó ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni mọ́tò ń ṣe. Mo ní ẹ̀gẹ́ orí ilẹ̀ yẹn ló ń bọ́ yín. Ó ní owó ti fọ́ mi lójú.

Ẹ sọ fún Délé kó ka ojú ewé kọkànlá ìwé náà sókè níwájú ọkùnrin náà. Ewé náà ṣì lẹ̀ mọ́ra nígbà tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, ọ̀bẹ ni mo fi là á. Wọ́n ní àpọ́sítélì tó bá sùn dọ́jọ́ kẹta nílé onílé, tàbí tó béèrè owó, èké ni. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Ìwé tó ń tà fún yín ni.

Kí Ọlọ́run mú orúnkún yín le. Ẹ bá mi kí àwọn opó tó ń se àsè, kí àwọn náà jẹ ẹran. Ẹ pè mí tí ọkùnrin náà bá ti di ẹrù rẹ̀ kúrò nílé wa.

Èmi ni ọmọ yín, Bísí, tó ń retí ìpè yín lọ́jọ́ Sátidé.