Lórí Àpò Ìṣáwùrú Mẹ́fà Tí Ẹ Dà Sórí Iyanrìn

                                        Ọ́fíìsì Ẹja, Yàrá Kẹta,
                                        Ẹ̀bá Èbúté.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ má wá "ọ̀wọ́n" níbi tó máa ń wà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti san? Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo bèèrè nítorí pé ilé tí wọ́n ti tọ́ mi kò gbà kí n má bèèrè. Ilé kan náà ni wọ́n ti tọ́ yín, ìyẹn ló ń yà mí lẹ́nu.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Lọ́dọọdún, tí omi òkun bá fà, màá gbé férémù onírin mi lé ogún ibi létíkun tí a fi ìbò mú lójú gbogbo ẹ̀yin tó ń wa ìṣáwùrú, màá ka ìṣáwùrú oníkarawun méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀, màá fi rúlà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye yẹn la fi ń mọ̀ bóyá kí ẹ wà á lọ́dún náà tàbí kí ẹ jẹ́ kó bímọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àádọ́ta ló jáde níbi àkọ́kọ́, ọgọ́ta níbi kejì. Mo kọrin, ẹ̀gbọ́n! Àfi ìgbà tí mo wò ó dáadáa. Kò sí ọmọ kan láàárín wọn. Wọn ò rì sínú ilẹ̀ bí ìṣe wọn, wọ́n kàn sùn gbalaja sókè ni. Ẹrẹ̀ dúdú ló sì wà lára ìkarawun wọn, bẹ́ẹ̀ iyanrìn funfun ló wà níbẹ̀. Mo bi ìyá tó ń fi ọkọ̀ gbé mi. Kò tiẹ̀ gbójú sókè: "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Àpò mẹ́fà ló dà síbẹ̀ lánàá. Mo rò pé o mọ̀ ni."

Ó rò pé mo mọ̀! Ìyẹn ló gún mi lọ́kàn jù.

Mo da ìṣirò yẹn nù, mo dá fi ìbò mú ogún ibi mìíràn, mo sì wa ibẹ̀. Mẹ́rin, méjì, òdo. Wọ́n ní irọ́ a máa lọ fún ogún ọdún kí òótọ́ tó bá a. Tiyín ò lo ọjọ́ méjì.

Síbẹ̀, nígbà tí mo ka iye yìí níbi ìpàdé àwọn tó ń wa ìṣáwùrú, ẹ dìde, ẹ ní: "Ta ló kọ́ ọmọ yìí bí wọ́n ṣe ń rìn lórí ẹrẹ̀? Èmi ni! Òpùrọ́ lọmọ náà." Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Mo ká ìwé mi, mo jókòó. Kì í ṣe pé mi ò lọ́rọ̀ lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi ni yín.

Ìyàwó yín ò rẹ́rìn-ín. Ó wá sí ọ́fíìsì lánàá, tòun ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ní: "Èmi ni mo so ẹnu àwọn àpò yẹn. Kọ ọ́ sílẹ̀." Mo ní ṣé ó mọ ohun tó ń sọ. Ó ní: "Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Kí ni wọ́n máa rí wà lọ́la?" Ó fọwọ́ sí i. Ìwé àṣẹ ti jáde láti ọ́fíìsì wa: fún ọdún méjì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wa nǹkan kan níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ jà, èmi ni kí ẹ wá bá. Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìyàwó yín. Gbọ̀ngàn tí ẹ ti pè mí lópùrọ́ ò tíì wó. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti kó ọ̀rọ̀ yín jẹ. Títí dìgbà náà, ẹ má kan ilẹ̀kùn mi.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ẹ kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin, mi ò kí yín.

                                        Èmi ṣì ni àbúrò yín, kò sí ọṣẹ tó lè fọ ìyẹn,
                                        Abẹ́rẹ́.