Ẹ̀rín Mi Ni Wọ́n Fi Ṣe Àjẹ́ Nínú Fíìmù Ṣọ́ọ̀ṣì

Èmi ni àjẹ́ inú fíìmù tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe. Ẹ má tíì bú mi o, ẹ jẹ́ kí n rò ó tán. Mi ò mọ̀wé, ọmọ tí ọmọ mi obìnrin bí ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé bí mo ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́. Ó ti ń rẹ́rìn-ín. Kó máa rín in.

Kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo jẹ́, mi ò fẹ́ràn fíìmù onígbàgbọ́. Mo gba Jésù gbọ́, fíìmù wọn ni mi ò gbà gbọ́. Ṣé fíìmù nìyẹn? Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn! Ọkọ àti ìyàwó á máa jẹun, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín síra wọn bí ẹni tí kò sanwó ilé rí, ìyá ọkọ á wá gbé báàgì dé láti abúlé, ó parí... kò tíì mu omi tí orin ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé arúgbó ni ṣáá? Ṣé kò sí àjẹ́ ọmọ ogún ọdún ni? Èṣù wọn á kun àtíkè, á wọ aṣọ pupa bí ẹni tó ń polówó tòmátò inú agolo. Pásítọ̀ á wọ kóòtù nínú oòrùn, á pariwo, iná á jáde lọ́wọ́ rẹ̀, iná tí ọmọdé gan-an mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni, àjẹ́ á ṣubú, wọ́n á ní ògo ni fún Ọlọ́run. Ògo wo? Ọlọ́run tó dá òkun, ṣé irú iná yẹn ló máa fi ṣògo?

Tèmi, fíìmù àwọn ará Íńdíà ni mo fẹ́ràn. Mi ò gbọ́ èdè wọn, kò sóhun tó kàn mí. Ọkùnrin á sunkún nítorí obìnrin, òjò á máa rọ̀, wọ́n á kọrin, ìyá arúgbó á gbọ́wọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí, á súre fún un. Ẹ gbọ́? Arúgbó tó ń súre! Ìyàwó ọmọ mi, tí mò ń bá gbé nílé wọn nítòsí Boundary, ní òrìṣà ni wọ́n ń bọ níbẹ̀, pé kí n má fi kó bá ilé. Tiẹ̀ ńkọ́? Láti àárọ̀, àjẹ́ ni wọ́n ń lé nínú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún, Ìbùkún, ń wò ó mọ́ oúnjẹ. Ìyẹn ò kó bá ilé?

Ọmọ mi ọkùnrin, díákónì ni, òun ló mú dírẹ́ktọ̀ wá bá mi. Ọmọ kan tó dé fìlà sẹ́yìn, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó ní Màmá wa, ẹ wá bá wa ṣe ìyá àgbà, ẹ ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń wo ilà ojú mi bí ẹni wo ẹran lórí àtẹ. Àbàjà ni, bàbá mi ló ní kí wọ́n kọ ọ́ fún mi. Mo rò pé ìyá tó ń gbàdúrà fọ́mọ ni wọ́n fẹ́ kí n ṣe. Ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀? Ṣọ́ọ̀ṣì ló pè mí!

Mi ò mọ̀ pé wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń ya fíìmù, tí wọ́n á wá lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ ìtàn fún mi. Wọ́n ní kí n jókòó, mo jókòó. Wọ́n ní kí n ro ògì, kí n gbójú sókè, mo gbójú sókè. Wọ́n ní kí n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá, ni dírẹ́ktọ̀ bá sọ fún mi nípa dẹ́rẹ́bà tírélà kan tó pẹ́ lórí ìlà ọkọ̀ ní èbúté Tin Can débi tó fi gbin ilá sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ká a, ó sè é, ó jẹ ẹ́, ọkọ̀ iwájú kò tíì sún. Háà! Mo rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí mi, gbogbo eyín mi tó kù ló jáde. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fún mi ní mínírà tó tutù.

Ọjọ́ tí wọ́n fi hàn lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, mo wọ aṣọ mi tó dáa jù, mo jókòó síwájú, Ìbùkún wà lórí itan mi. Ọmọ kékeré kan nínú fíìmù jẹun, ó di inú mú, ó ṣubú, ìyá rẹ̀ figbe ta... ojú mi ló kàn. Èmi! Mò ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ilá yẹn! Wọ́n ti fi iná pupa sí ògì mi, wọ́n ti fi orin ẹ̀rù sí i, ẹnu mi là sílẹ̀ lára ògiri bíi géètì èbúté. Gbogbo ìjọ ní iná! iná! Ọmọ tí mo bí náà ń pariwo iná. Ìbùkún wo ògiri, ó wò mí, ó tún wo ògiri... ó rọra sọ̀kalẹ̀ lórí itan mi.

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti mu ògì mi mọ́. Ọmọ tó ń sùn tì mí látìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú, tó máa ń gbé ẹsẹ̀ lé mi níkùn, ó kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí yàrá ìyá rẹ̀. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì já ọmọ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, ó ní ẹ má bínú mà, ó fẹ́ tọ̀. Ó fẹ́ tọ̀! Ọmọ tó wọ pámpáàsì! Bí mo bá kọjá ní Boundary, àwọn ọmọ á máa pariwo “See am! Na the mama wey dey for film!” torí wọ́n ti gé ẹ̀rín mi sórí fóònù, ó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìyàwó ọmọ mi ní kí n yọ̀, pé ọkàn ń yípadà nípasẹ̀ mi. Ọkàn ta ni? Ti Ìbùkún nìkan ni mo rí tó yípadà.

Wọ́n fẹ́ ya Part 2 ní Sátidé. Lọ́tẹ̀ yìí mo ní kí wọ́n ro ìtàn fún mi látòkè délẹ̀. Ìyá àgbà á fi orúnkún rìn wá síwájú pẹpẹ, á fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ló ń jẹ àwọn ọmọ ilé náà, pásítọ̀ á gbàdúrà, á di àtúnbí. Mo bẹ dírẹ́ktọ̀, mo ní ọmọ mi, ṣé ẹ ò lè jẹ́ kí dókítà sọ pé ibà ló ń ṣe ọmọ yẹn, kí wọ́n wá bẹ ìyá àgbà? Ó ní “Màmá wa, ta ló máa wo ìyẹn?” Òpè! Ọmọ tí eyín ọgbọ́n rẹ̀ ò tíì hù, òun ló ń sọ ohun tó yẹ kéèyàn wò fún mi!

Mo ti ní mi ò ṣe. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú arúgbó tó bá fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ àjẹ́ ń rí. Tí wọ́n bá gé ìyẹn náà sórí fóònù, tó dé ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ pé fíìmù ni ńkọ́? Tí mo bá kú, ṣé wọn ò ní ní ó kúkú jẹ́wọ́ kó tó lọ?

Àfi bí Ìbùkún ṣe wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi lánàá. Kò wọlé o, ó di ilẹ̀kùn mú. “Màmá àgbà, ṣé Jésù máa dárí jì yín ní Part 2?” Mo ní kí ló dé tó fi ń béèrè. Ó ní tó bá ti dárí jì mí, òun máa kó ìrọ̀rí òun padà wá.

Ẹ gbà mí... kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kúnlẹ̀ níwájú kámẹ́rà wọn, kí n jẹ́wọ́ ohun tí mi ò ṣe, kí ọmọ mi lè padà sùn tì mí? Àbí kí n pa ẹnu mi mọ́, kó máa dàgbà pẹ̀lú ìbẹ̀rù mi? Ẹ má wulẹ̀ kọ ọ́ fún mi pé acting lásán ni. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìyẹn, kó wá sọ ọ́ fún ọmọ ọdún márùn-ún tó di ilẹ̀kùn mú.