Sòbìyà Tí Ó Kọ̀ Tí Kò Jáde Lẹ́sẹ̀ Bàbá

Láti ọ̀dọ̀ Èmi, Adéyẹmọ, Baálé Ilé, Ọ̀gá gbogbo alágbàfọ̀ láti Ìwó dé Olúpọ̀nnà, ẹni tí kọ́là ẹ̀wù tíṣà kan kò lè dúró ṣánṣán bí irin ìlọṣọ mi kò bá tíì kọjá lórí rẹ̀.

Sí ọmọ mi Adégòkè, ní Ìbàdàn.

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé wọ́n ṣì ń fún yín ní àga jókòó ní ọ́fíìsì? Olúwa kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ọ̀kan fi ojú jọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, a kò tíì sọ fún un.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé ni ẹsẹ̀ mi òsì. Sòbìyà ti wọ̀ ọ́. Ó lọ́ bí okùn lábẹ́ awọ, ó dúdú bí aró. Mo ti gbẹ́ igi tí n ó máa ká a mọ́ bó bá yọrí, mo fi epo pa á, mo da omi tútù sí i, kò yọjú. Láàárọ̀ á fara pamọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dúró lọ aṣọ títí di ìrọ̀lẹ́, á yọ gànnàgànnà, ẹsẹ̀ á wúwo bí odó, ọrùn ẹsẹ̀ á wú, á sì máa yún mi.

Ìyá rẹ sunkún títí mo fi lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe sòbìyà, iṣan ẹ̀jẹ̀ ló wú. Ó ní ilẹ̀kùn kéékèèké wà nínú iṣan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ń gòkè padà sílẹ̀, pé ìdúró ti ba tèmi jẹ́. Mo bi í pé ta ló kan ilẹ̀kùn sí mi lẹ́sẹ̀ láìsọ fún mi, nígbà tí ilé mi gan-an kò ní ju méjì lọ, ọ̀kan kò sì ṣeé tì. Ó fi aṣọ gígùn wé ẹsẹ̀ náà, ó ní bí mo bá dùbúlẹ̀ kí n gbé e ga ju àyà lọ. Ṣé kí àlejò wọlé, kó kí àtẹ́lẹsẹ̀ mi kó tó kí mi? Mo tú aṣọ náà, mo lọ̀ ọ́ dáadáa, mo kó o sí àpótí.

Ó tún ní bí egbò bá yọ nítòsí kókósẹ̀ tí kò jiná, kí n padà wá. Ó ní bí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé wú, tó gbóná, tí ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ ń ro mí, tàbí tí èémí mi ń kúrú, kí n sáré wá lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí sòbìyà ń jẹ kì í sáré, mo sọ fún un.

Mo ti bá olóólà sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ yóò fi abẹ là á, yóò fà á jáde. Fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ kíákíá. Ìwọ náà yóò bí ọmọ tí yóò gbọ́ tìrẹ.

Bùọ̀dá mi, mo kúnlẹ̀ o. Èmi Dúpẹ́ àbúrò yín ni mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ òkè yìí lórúkọ Bàbá. Bí Bàbá ṣe ń sọ ọ́ káàkiri ilé nìyẹn, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé mo kọ̀wé. Ẹ má fi owó olóólà ránṣẹ́! Mo bi nọ́ọ̀sì, ó ní bí abẹ bá kan iṣan yẹn, ẹ̀jẹ̀ lè dà títí tí ẹ̀mí á fi lọ. Olóólà ti kọ́kọ́ wá wò ó lánàá nígbà tí Bàbá wà lódò. Mo wọ yàrá, mo wúkọ́ bíi tiwọn, mo fi ohùn wọn sọ pé kó máa lọ, pé èmi Adéyẹmọ ti lọ sí Ilé-Ogbó. Ó ní kí n bá òun kí wọn níbẹ̀, ó lọ.

Lẹ́yìn náà, nígbà tí Bàbá ń sùn lọ́sàn-án, mo gbé ẹsẹ̀ wọn lé ẹrù aṣọ oníbàárà. Wọ́n jí, ẹsẹ̀ fúyẹ́, okùn náà ti wọlẹ̀. Wọ́n wo abẹ́ ẹní, wọ́n bi mí pé ta ló jí sòbìyà àwọn gbé. Wọ́n dìde dúró, ó padà. Wọ́n dùbúlẹ̀, ó tún lọ. Wọ́n ní àwọn kò rí sòbìyà tí ń re àjò bẹ́ẹ̀ rí. Wọn kò tíì gbà, àmọ́ wọ́n ti bi mí pé níbo ni aṣọ gígùn nọ́ọ̀sì wà.

Ẹ wọ tirẹ́nì wá kí ọjọ́ ọjà tó pé, ẹ bá wa mú wọn padà lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá máa fi owó ránṣẹ́, owó ìrọ̀rí ni o, nítorí ṣòkòtò tíṣà wà nínú ẹrù tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ Bàbá, tíṣà sì ti ń wá a. Olúwa tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ gòkè láti àtẹ́lẹsẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọ̀nà yín dí.