Ọkọ̀ Oníná Alhaja Kọ̀, Kò Tutù

Olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Èmi ni mò ń wa Alhaja kan tó ní ilé iṣẹ́ ní Agége. Ọkọ̀ wọn tuntun, iná mànàmáná ló ń lò. Nígbà tí AC rẹ̀ kọ̀ tí kò tutù rárá, Alhaja ní bó bá fi di Jímọ̀ báyẹn, kí n wá iṣẹ́ míì.

Mo gbé e lọ bá Bọ̀ọ̀dá Yẹ̀kínì tó ń tún AC ṣe l'Ọ́gbà. Wọ́n ní, "Gáàsì ló tán. Ṣáná sí i, kí n gbọ́ ẹ́ńjìnnì."

"Bọ̀ọ̀dá, kò ní ẹ́ńjìnnì."

Wọ́n wò mí tàánútàánú. "A jẹ́ pé wọ́n ti jí i."

Mo bá tú u fúnra mi. Asẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá! Mo ya ọ̀rá náà dànù. Nígbà tí Alhaja wọ ọkọ̀, kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi ń wá ìborùn. Ìwé tí mo kà ní Póli, tí wọ́n fi ń bú mi, ló gbà mí!

Wàyí o, Alhaja ti búra pé ẹni tó fi ọ̀rá sílẹ̀ níbẹ̀ yóò rí pupa ojú àwọn. Bẹ́ẹ̀, lójú mi ni Alhaja fúnra wọn ṣe sọ fún oníṣẹ́ tó gbé ọkọ̀ náà wá pé, "Má ya ọ̀rá rẹ̀ o, nǹkan tuntun ni."

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n rán wọn létí ni, àbí kí n máa gba atẹ́gùn tútù mi lọ jẹ́ẹ́?