Ìyá Kan ní Uwasota

Iye mi,

Láràárọ̀, kí n tó lọ sí kíláàsì, mo máa ń rọra rìn yí àdúgbò Uwasota ní Benin níbí ká. Ilé tí koríko ti bo fèrèsé rẹ̀ ni mò ń wá, èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sára ògiri rẹ̀ pé kì í ṣe fún títà. Mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé, lẹ́yìn náà mo máa ń wá ẹni tó máa rà á. Bí mo ṣe ń kọ́ iṣẹ́ alágbàtà nìyẹn. Ìrì á máa rin mí lẹ́sẹ̀, á sì dà bíi pé ojú oorun ni mo ti ń rìn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá ìyá arúgbó kan lẹ́nu ọ̀nà irú ilé bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí, gbogbo Pidgin tí mo ti há sórí sì fò lọ. "Iye" nìkan ló jáde lẹ́nu mi.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ah-ah! Who teach you Bini?"

Mo ní bí a ṣe ń pe ìyá ní Okitipupa nìyẹn, mo sì sọ fún un pé mo fẹ́ bá a wá ẹni tó máa ra ilé náà.

"Then you be my pikin. Any paper wey you bring, I go sign am."

Mo ti rí ẹni tó fẹ́ rà á, ìwé tí ìyá máa fi ta ilé náà sì ti wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ohun tí olùrà fẹ́ san kò tó ìdajì owó tí wọ́n ta ilé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyá kò sì mọ̀. Tó bá fọwọ́ sí i, èrè tèmi á tó owó iléèwé.

Ẹ má dààmú nípa mi. Ìyá ń fún mi ní àgbàdo sísè láràárọ̀, nítorí náà mò ń jẹun dáadáa. Ẹ bá mi kí Motọ́lání àbúrò mi, kí ẹ sọ fún un pé Benin dùn.

Lọ́la, kí n tó mú ìwé náà jáde, mo fẹ́ jókòó ti ìyá, kí n sọ fún un iye tí wọ́n ta ilé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Tèmidire yín