Máàkì Tí Wọ́n Fún Kejáda Ìyá Rẹ

Leonilde ọmọ mi,

Ó pé ọjọ́ mẹ́tàlélógójì lónìí tí bọ́ọ̀sì gbé ọ kúrò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, tí o fi orí ti gíláàsì fèrèsé, tí mo sì dúró síbẹ̀ títí eruku fi rọlẹ̀. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú ilé gogoro yẹn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bí mi ò tilẹ̀ mọ̀ wọ́n. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ara yín le bí tèmi ṣe le, nítorí pé ara mi le, orúnkún òsì nìkan ló ń ṣe bí ẹni pé kò bá àwọn yòókù tan. Kí Ìyá Màríà wà pẹ̀lú rẹ nínú ẹ̀rọ tó ń gbé yín lọ sókè, pàápàá ní ọjọ́ tó bá dúró lágbedeméjì.

Máàsì ọgbọ̀n ọjọ́ ikú ìyá rẹ lọ dáadáa. Fadá pe orúkọ rẹ̀ ní pípé, Ludovina da Luz Falcato, kò fo ìkankan. Igi ọ̀pọ̀tọ́ ti so, ológbò ti bí mẹ́rin. Ọkùnrin tó ń gbé áísíkiriìmù wá ní Ọjọ́rú mú fọ́ọ̀mù kan dání, ó ní kí ẹni tí fírísà ṣọ́ọ̀bù wa wà lórúkọ rẹ̀ fọwọ́ sí i. Mo ka orúkọ náà, orúkọ ìyá rẹ ni. Mo sọ fún un pé ẹni tó ń wá wà ní ibi ìsìnkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ìlà kẹta, kí ó lọ bá a níbẹ̀, mo sì yá a ní báírò wa. Ó dúró, ó wo báírò náà pẹ́. Nígbà tó yá ó ní kí n kúkú fọwọ́ sí i fúnra mi, ó sì fún mi ní áísíkiriìmù oníṣokoléètì kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ kò dá báírò padà.

Mo ti ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. O ní kí n ti ṣọ́ọ̀bù pa kí n wá bá yín gbé ní Lisboa, pé ẹ ti kó ẹrù kúrò nínú yàrá kékeré nítorí mi. Mo gbọ́, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí n tó dá ọ lóhùn, jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ fún ọ.

Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo ti ìlẹ̀kùn apá kan, mo ṣí apá kejì, bí a ṣe ń ṣe nígbà tí a bá ń ṣọ̀fọ̀. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ funfun, ó wọ awò ojú dúdú. Felisbela ni orúkọ rẹ̀, ará Évora ni, ó ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítòsí ààlà. Ó ní òun bi fóònù òun pé níbo ni òun ti lè rí àwọn ìpápánu dídùn àtijọ́ ilẹ̀ wa, pẹ̀lú áísíkiriìmù àti oúnjẹ àṣàyàn, fóònù sì ní kí òun máa bọ̀ ní Fonte do Cardo, abúlé wa níbí. Mo bojú wẹ̀yìn kí n lè mọ ibi tí oúnjẹ àṣàyàn náà wà. Ohun tí mo rí ni agolo sadíìnì wa, oyin Zulmira aládùúgbò wa, òróró ólífì tí a fún fúnra wa, àti ṣoríso, sọ́sééjì ẹlẹ́dẹ̀ wa, tó rọ̀ sókè lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, tí ológbò máa ń wò bí ẹni ń wo ère mímọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n la ti fi ń ta oúnjẹ àṣàyàn, ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa.

Ó wá fi fóònù náà hàn mí. Leonilde, ìyá rẹ wà nínú rẹ̀. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yìí gan-an, ó so aṣọ ìdáná búlúù rẹ̀ mọ́wájú, ó ń fún ojú pọ̀ nítorí oòrùn. Àwòrán tí ìwọ yà ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó ṣí sílẹ̀, pé agogo méje ni yóò tì. Mo bi obìnrin náà pé ta ló sọ fún fóònù pé ó ṣí sílẹ̀. Ó ní fóònù mọ̀ ni. Mo gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ náà, mi ò ti ìlẹ̀kùn kí agogo méje tó lù, nítorí mi ò fẹ́ kí ìyá rẹ di òpùrọ́ lójú àlejò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé mo rí 4,8 lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo béèrè kí ni. Felisbela ní máàkì tí àwọn tó ti jẹ kejáda rẹ̀, àkàrà wàràkàṣì tó máa ń yan, fún un ni.

Ìwọ náà ṣáà lọ sí ilé ìwé. Ogún ni máàkì pípé, mẹ́wàá lẹni tó yege ń gbà, ìyá ọmọ tó bá sì gba mẹ́rin kì í fẹ́ kọjá níwájú ilé olùkọ́. Èmi tí gbogbo abúlé mọ̀ pé orí mi ò gba ìṣirò, mẹ́fà ni mo gbà ní ìgbà àkọ́kọ́. Ìyá rẹ wá ńkọ́, tí bíṣọ́ọ̀bù jẹ kejáda mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ tó tún di méjì sápò, òun ni wọ́n fún ní mẹ́rin àti díẹ̀, nígbà tí kò sí láyé mọ́ láti tún ìdánwò ṣe.

Felisbela béèrè bóyá kejáda wà. Ẹnu mi ti là láti sọ fún un pé ẹni tó ń ṣe é ti kú. Ṣùgbọ́n mo wo máàkì yẹn, mo wo ojú ìyá rẹ nínú oòrùn, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a máa ń ṣe é. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, òun á tún gba ibí kọjá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí mo ṣe ṣèlérí nìyẹn, èmi tí mi ò po ìyẹ̀fun rí láyé mi.

Bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe yí ní kọ̀rọ̀, mo gbé ìwé ẹ̀sùn kalẹ̀, èyí tí òfin ní kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní. Láti ọjọ́ tí a ti gbà á, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sínú rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣí i. Níbi orúkọ oníbàárà tó fẹ̀sùn kàn, mo kọ Belmiro Falcato. Níbi orúkọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, mo kọ Belmiro Falcato. Mo kọ ẹ̀sùn náà pé fóònù fún aya mi ní máàkì tí kò tọ́ sí i, kí wọ́n jọ̀wọ́ tún un wò. Ẹ̀dà mẹ́ta ni. Mo já ti oníbàárà fún ara mi, mo fi ti oníṣọ́ọ̀bù pamọ́, mo sì fi àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ní Lisboa. Bí o bá ń gba ibẹ̀ kọjá, yà wọlé kí o bi wọ́n bóyá ó ti dé. Sọ fún wọn jẹ́jẹ́ pé a ò bínú sí ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo ń gbá inú ààrò nígbà tí Zulmira yọ orí lójú fèrèsé. O mọ ẹnu aládùúgbò wa. Ó ní Belmiro, ìwọ ọkùnrin yìí, kí lò ń wá nínú ààrò, ṣé o sọ nǹkan nù síbẹ̀ ni. Mo ní kejáda ni mo fẹ́ ṣe. Ó ní há à, nínú ilé tí aṣọ dúdú ò tíì ṣá, níbo ni o ti gbọ́ ọ rí pé wọ́n ń po ṣúgà kí ọdún òkú tó yí po. Ó ní ọkùnrin wo ló tiẹ̀ fọwọ́ kan ìyẹ̀fun rí lábúlé yìí, ṣé o fẹ́ kí Ludovina dìde ni.

Mo ní, "Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn, Zulmira."

Nígbà tó yá ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgúnpá, ó ní òun kàn wá wo bí mo ṣe máa bà á jẹ́ ni.

Ti ààrò, kò sẹ́ni tó lè kọ́ mi. Èmi ni mo ń dáná rẹ̀ fún ìyá rẹ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Mo ju ẹ̀kúnwọ́ fúláwà sí ilẹ̀ ààrò, ó dúdú lójú ẹsẹ̀, mo dúró. Mo ju òmíràn, ó pọ́n bí ẹ̀yìn búrẹ́dì, mo mọ̀ pé ó ti tó. Mo po fúláwà mọ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, mo lu ẹyin, mo fún omi kúrò lára wàràkàṣì tútù nínú aṣọ funfun rẹ̀. Mo fi etí ọwọ́ fa àgbélébùú sórí ìyẹ̀fun bí ó ti máa ń ṣe, mo ní kí Ọlọ́run mú ọ. Zulmira ló bá mi parí rẹ̀, ó ní pọ̀ sí i.

Nígbà tó kan ṣúgà, mo nawọ́ sókè pẹpẹ, mi ò rí ife tí kò létí tí ìyá rẹ fi ń wọn ṣúgà, èyí tó ní òdòdó búlúù lára. Mo mú èyí tí mo fi ń mu kọfí, mo fi bù ú.

Wọ́n jáde pẹ̀lú àwọ̀ tó dára. Zulmira bu ọ̀kan jẹ, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan. Ó ní, "Belmiro, ó dùn. Kì í ṣe ti Ludovina." Mi ò jà. Èmi náà ti mọ̀.

Felisbela dé ní agogo mẹ́rin ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kí n tó jẹ́ kó mú nǹkan kan, mo sọ òtítọ́ fún un, pé ìyá inú fóònù yẹn ti lọ, pé ọkọ rẹ̀ ló po èyí, pé bí kò bá fẹ́ ẹ mọ́, kò sí ìjà. Ó bọ́ awò dúdú rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìyá rẹ, ó jẹ kejáda méjì pẹ̀lú áísíkiriìmù, ó gba oyin, ó gba sadíìnì mẹ́fà. Ó wá tẹ fóònù rẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo ti fún yín ní márùn-ún."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì jẹ́ kí ìjákulẹ̀ hàn lójú mi. Olóòótọ́ obìnrin ni. Ó rí opó ọkùnrin tó wọ dúdú, síbẹ̀ kò fi àánú fún mi ní mẹ́wàá. Zulmira ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní márùn-ún ni wọ́n fi ń parí rẹ̀ nínú fóònù, pé wọ́n tiẹ̀ ń fún àwọn ọmọdé bẹ́ẹ̀ nílé ìwé nísinsìnyí. Mo ní ìyá Leonilde kì í ṣe ọmọdé. Àti pé wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ: èmi gba márùn-ún, ìyá rẹ gba 4,8, ṣé ẹni tó ti jẹ ti àwa méjèèjì lè gba ìyẹn gbọ́? Ìṣirò wọn ò péye. Mo ti kọ ìyẹn náà sínú ìwé ẹ̀sùn, ojú ewé kejì.

Àmọ́ ọkàn mi balẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́fà nínú ìṣirò, mẹ́rìnlá ló fi jáde. Mo fẹ́ gba mẹ́wàá kí èso àjàrà tó pọ́n, kó tó di ọdún Àwọn Ẹni Mímọ́ mo fẹ́ sún mọ́ ogún, gbogbo rẹ̀ ni kí wọ́n sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ìyá rẹ, kì í ṣe tèmi.

O mọ̀ pé bàbá kì í kọ lẹ́tà láìtọrọ. Bí nǹkan díẹ̀ bá ṣẹ́kù lẹ́yìn owó ilé, fi ránṣẹ́ fún fúláwà, bí kò bá sì sí, má dààmú. Ohun kan wà tí mo fẹ́ jù owó lọ. Ife yẹn wà lọ́wọ́ rẹ. Mo rí ọ nígbà tí o fi tówẹ́ẹ̀lì wé e sínú báàgì rẹ, mo sì wo ibòmíràn. Má dá a padà, tìrẹ ni. Ṣá bu ṣúgà sínú rẹ̀ títí dé ibi tí òdòdó búlúù parí, má jẹ́ kó dé ẹnu, ìyá rẹ kì í bù ú dé ẹnu. Lẹ́yìn náà fi ṣíbí bù ú jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o kà á, kí o kọ iye rẹ̀ sínú ìwé fún mi. Má fi rán fóònù, mi ò fọkàn tán ìṣirò rẹ̀.

Ẹ má kó ẹrù padà sínú yàrá kékeré náà, mo máa wá kí yín ní Kérésìmesì, mo máa wá gẹ́gẹ́ bí àlejò. Kí Ọlọ́run bùkún ọwọ́ tí o máa fi ka ṣúgà náà, kó fún ọ ní ọmọ tí yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí, kó má ṣe jẹ́ kí o mọ ilé tí ààrò rẹ̀ tutù. Èmi Belmiro bàbá rẹ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, àti èyí tó tẹ̀ lé e, èmi yóò dáná ààrò.