Irin Tí Ọwọ́ Mi Mọ̀

                                        Ilé Olóògbé Àbúdùlàhí Atọ́kọ̀ṣe,
                                        Ọ̀nà Ikpinlè,
                                        Adja-Ouèrè,
                                        Dahomey.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, 1969.

Ẹ̀gbọ́n mi Tìjání ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara yín le? Àsíátù ìyàwó yín ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti rọlẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òjò ń jẹ́ kí ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ ríbi fẹsẹ̀ tẹ̀? Níhìn-ín, ẹrẹ̀ dúdú ti gba gbogbo ọ̀nà, bàtà tó bá kó sí i kì í jáde bọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ yín náà ńkọ́? Wọ́n ní ẹsẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí ẹ wá sí ìsìnkú ọkọ mi. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀, mi ò ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Fàtímátù ọmọ yín ń kí yín. Ó ti ga kọjá èjìká mi. Ó ṣì máa ń gbé omi ìwẹ̀ bàbá rẹ̀ kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bó bá ti wá rántí, á dà á sí ìdí ọsàn, á wọlé láìwo ojú mi.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo jáde opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi wà nínú yàrá kan, inú yàrá yẹn náà ni mo sì wà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fi ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀ àfi ẹ̀yin.

Ẹ rántí ọkọ̀ pupa pẹlẹbẹ ti Mùsé Fátókun, ọmọ Oko-Akarè tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé lọ́dún òmìnira ló ti rà á. Ọkọ̀ eré sísá ni, ẹni méjì péré ló ń gbà, kò lórùlé, àwọn ará ọjà sì sọ ọ́ ní Bẹ̀rẹ̀-kó-o-tó-wọ̀ọ́. Bàbá Fàtímátù fẹ́ràn rẹ̀ débi pé, tí wọ́n bá ti gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń sọ pé orogún mi ti dé. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní orogún yìí kì í béèrè owó ọbẹ̀.

Irin ẹlẹ́yin mẹ́jọ inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ló jẹ, irin gígùn tí ara rẹ̀ yọ bí ẹyin adìẹ níbi mẹ́jọ, èyí tí ẹ̀yin atọ́kọ̀ṣe ń pè ní àbùrákámù. Mi ò kọ́ṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti ọkọ mi pẹ́ tó láti mọ̀ pé bí irin náà bá ti ń yí, àwọn ẹyin ara rẹ̀ ló ń ti ìlẹ̀kùn kéékèèké inú ẹ́ńjìnnì kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí èéfín jáde. Méjì lára ẹyin ọ̀hún ti jẹ wọlé. Ẹ̀yin lẹ mú irin àtijọ́ náà lọ sí Àjàṣẹ́ kí ẹ lè fi wá irú rẹ̀, ẹ sì fi méjì ránṣẹ́. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, ó ń dán, ẹyin rẹ̀ ga, ẹ ní ti àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje ni. Èkejì jẹ́ àlòkù, ó ṣú. Ẹ ní kí ọkọ mi lo èyí tó ń dán. Wọ́n kọ̀, ẹ sì bínú sí wọn títí wọ́n fi kú. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyí: "Kùdí, ọ̀nà Ikpinlè kì í ṣe pápá ìje. Irin tó bá ga ju ilé rẹ̀ lọ, á fọ́ ilé náà."

Kí irin àtijọ́ tó kúrò nílé wa, wọ́n ti fi òwú wé àwọn ẹyin mẹ́fà tí kò tíì jẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo di ìdí òwú mú, wọ́n sì ń ta kókó síbi tí ó bá dé. Nígbà tí tiyín dé, òwú yẹn ni wọ́n fi wọn méjèèjì, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, nítorí ohun olóhun ni. Àlòkù ló bá a mu. Wọ́n fi epo pa á, wọ́n fi àkísà bùbá aláró wọn wé e kó má bàa dà pọ̀ mọ́ èkejì, wọ́n ní òun ni àwọn yóò dè tí ara bá yá. Ara kò yá.

Ẹ mọ àṣà ilé wa, pé kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, aṣọ òkú gbọ́dọ̀ ti jáde ní sàráà. Ìyá àgbà Àmínátù, àbúrò bàbá ọkọ mi, ló ṣíwájú àwọn obìnrin. Ó ní òwú kan kò gbọdọ̀ kù. Wọ́n kó àpótí inú yàrá, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n tú àkísà bùbá náà kúrò lára irin, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi kún sàráà. Wọn ò fi ṣe ìkà. Aṣọ ni wọ́n rí, wọn ò mọ̀ pé àmì ni. Irin méjèèjì wá wà lórí tábìlì ní ìhòòhò.

Àkàndé àbúrò ọkọ mi, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ló ní òun yóò parí iṣẹ́ ọkọ̀ náà kí ogójì ọjọ́ tó pé, kí ọrùn ẹ̀gbọ́n òun lè mọ́. Lójú rẹ̀, Bàbá Kékeré ni mò ń pè é, ọkọ ló jẹ́ fún mi; láàrin èmi àti ẹ̀yin, Àkàndé ni. Mo rán Fàtímátù sí i pé èyí tó ṣú ni kó lò. Ó fèsì pé opó kì í ti inú yàrá yan irin fún ọkùnrin. Èyí tó ń dán ló mú. Ta ni yóò rí tuntun tí yóò de àlòkù fún ọlọ́kọ̀? Ọkàn rere ló fi ṣe é, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣáná sí ọkọ̀ náà, mo gbọ́ ọ láti inú yàrá. Mo mọ ohùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn kò lè dúró jẹ́jẹ́, ó ń fò, ó ń mí gúlegúle bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ti ṣì í mú. Ògiri kan ló wà láàrin wa, mo lè pariwo. Mi ò pariwo. Inú ń bí mi sí Àkàndé, mo ní kó lọ rí i. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ọkọ̀ náà kò dé Ikpinlè. Ẹ́ńjìnnì fọ́ lójú ọ̀nà, àwọn ará oko ló tì í padà nínú ẹrẹ̀.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, Lèmọ́mù béèrè bí wọ́n ti ń béèrè, pé ẹni tí olóògbé bá ṣẹ̀, kó dárí jì í. Gbogbo èèyàn ní àwọn ti dárí jì í. Mùsé Fátókun dìde. Ó ní, "Mo yọ̀ǹda ohun gbogbo fún un, àfi irin mi. Ó ti tà á, ó sì fi èyí tí kì í ṣe tèmi sílẹ̀ fún mi." Mo ránṣẹ́ jáde pé irin àtijọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ó ní kí ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbé e wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rán awakọ̀ elépo sí yín, ẹ ò fèsì. Wọ́n ń pe Fàtímátù ní ọmọ ajírin nídìí kànga.

Bí mo ṣe jáde opó, ṣọ́ọ̀bù ni mo kọ́kọ́ wọ̀. Àlòkù yẹn nìkan ló kù lórí tábìlì, ó ti ń dógùn-ún. Mo dijú, mo fọwọ́ pa á, ọwọ́ mi sì mọ̀ ọ́n. Mo fi òwú wé e, gbogbo kókó ló bá a mu. Mo nu orí rẹ̀, mo rí nọ́ńbà 4417 níbẹ̀, èyí tí àwọn tó rọ ọ́ fi ń mọ irú irin tó jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo orí irin tó wà lọ́dọ̀ yín. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ wá. Ìjọba ń gbé Mùsé Fátókun lọ sí Nàtìtìǹgú ní ìparí oṣù yìí, bó bá sì lọ láìdárí ji ọkọ mi, ta ni yóò lọ bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀? Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wá gbé irin méjèèjì, àtijọ́ àti àlòkù, lé e lọ́wọ́ níwájú mọ́ṣáláṣí, kí ẹ sì sọ pé ẹ̀yin lẹ fi èyí tó ń dán ránṣẹ́. Èmi náà yóò sọ tèmi, pé mo gbọ́, mo sì dákẹ́. Mi ò ní jẹ́ kí ẹ dá a rù.

Ẹ bá mi kí Àsíátù àti àwọn ọmọ. Ẹ kí gbogbo ará ilé yín.

Mo ká òwú náà sínú ìwé yìí kí ẹ lè fi wọn irin àtijọ́ fúnra yín. Ìdí ìró mi ni mo fi í pamọ́ sí lọ́jọ́ sàráà. Ẹ fọwọ́ jẹ́jẹ́ mú un. Kókó mẹ́fà ló wà lára rẹ̀, ọkọ mi ló ta gbogbo wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tú u. Ẹ mú un bọ̀ fún mi tí ẹ bá ń bọ̀. Aṣọ wọn ti lọ tán.

Èmi ni àbúrò yín tí ń wojú ọ̀nà,
Kùdírátù.